Táǹkì prẹ́ṣọ̀ nínú àwòṣe omi ẹ̀rọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ètò omi ẹ̀rọ ni mo kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ti wá táǹkì prẹ́ṣọ̀ láàárín irinṣẹ́ sọ́fítíwíà rẹ̀ tí kò rí i. EPANET, sọ́fítíwíà tó ń ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù, ni mo fi ṣàlàyé, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń tà sì gbé ìṣirò wọn ka orí tirẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá máa lò láti òkè dé ìsàlẹ̀: táǹkì 1,000 lítà tó ní àpò rọ́bà nínú. Afẹ́fẹ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ sí i jẹ́ 2.8 bar (bar ni a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀), pọ́ǹpù ń gbéra ní 3 bar, ó sì ń dúró ní 4.5 bar. Ilẹ̀ tí táǹkì jókòó lé ga ní 100 mítà.

Kí ni iṣẹ́ táǹkì prẹ́ṣọ̀ gan-an?

Kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú omi sí. Bí a kò bá fi èyí sọ́kàn, gbogbo nǹkan tó kù máa dàrú.

Pọ́ǹpù ló ń gbé omi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lò ó. Iṣẹ́ táǹkì ni pé kí pọ́ǹpù má baà máa gbéra kó tún máa dúró nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ṣí omi fọ ọwọ́. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, omi tí àwọn ilé kò lò tán á ya wọ inú táǹkì, á sì máa fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ ni prẹ́ṣọ̀ ń lọ sókè. Tó bá dé 4.5 bar, pọ́ǹpù á dúró, afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀ yẹn á wá máa ti omi padà sínú páìpù títí prẹ́ṣọ̀ á fi wálẹ̀ dé 3 bar, tí pọ́ǹpù á tún gbéra.

Nínú 1,000 lítà ti àpẹẹrẹ wa, nǹkan bíi 258 lítà péré ló ń wọlé tó sì ń jáde láàárín ìgbéra àti ìdúró. Ẹni tó bá kọ 1,000 lítà sínú àwòṣe ti yá àwọn ilé ní omi tí kò sí níbì kankan.

Níbo ni 258 lítà yẹn ti wá?

Láti inú òfin Boyle, tí ayé ti mọ̀ láti ọdún 1662: bí afẹ́fẹ́ kò bá gbóná sí i tí kò sì tutù sí i, ẹ fi prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ṣe ìlọ́po àyè tó gbà, iye tí ẹ máa rí kò ní yí padà.

Prẹ́ṣọ̀ tí a ń fi sínú ìṣirò náà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nígbà tí géèjì bá ń ka odo, afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ṣì ń tẹ gbogbo nǹkan ní 1.013 bar. Nítorí náà, ohunkóhun tí géèjì bá kà, ẹ fi 1.013 kún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. 2.8 á di 3.813, 3 á di 4.013, 4.5 á di 5.513.

Nígbà tí prẹ́ṣọ̀ bá wà ní 3 bar, àyè tí afẹ́fẹ́ gbà nínú táǹkì jẹ́ 1,000 × 3.813 ÷ 4.013, ìyẹn 950 lítà. Ní 4.5 bar, ó jẹ́ 1,000 × 3.813 ÷ 5.513, ìyẹn 692 lítà. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni 258 lítà. Ẹni tó bá gbàgbé 1.013 á rí 311 lítà, inú rẹ̀ á dùn, pọ́ǹpù tó bá sì fi ìṣirò yẹn yàn á máa gbéra ju bó ṣe rò lọ.

Bí táǹkì yín kò bá ní àpò rọ́bà, tó jẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: afẹ́fẹ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù fẹ́ gbéra? Ká ní ìdajì ni, 500 lítà. Omi tí táǹkì lè gbà tó sì lè dá padà jẹ́ 500 × (1 − 4.013 ÷ 5.513), nǹkan bíi 136 lítà.

Kí ló dé tí EPANET kò ní táǹkì prẹ́ṣọ̀?

Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ló gbé EPANET jáde ní 1993. Gbogbo táǹkì tó mọ̀ ló ṣí lórí: prẹ́ṣọ̀ ojú omi kò yàtọ̀ sí ti ìta, ohun tó sì lè yí padà kò ju gíga omi lọ. Kò sí ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú táǹkì tó ń ti omi.

Àwọn sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń tà, WaterGEMS fún àpẹẹrẹ, ní táǹkì prẹ́ṣọ̀ tiwọn. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe ìṣirò òkè yìí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ohun tó ń sọ fún yín bọ́gbọ́n mu.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e wọ inú EPANET?

A máa sọ afẹ́fẹ́ di gíga.

Prẹ́ṣọ̀ 1 bar lè gbé omi sókè ní 10.2 mítà. Oríta páìpù (ohun tí EPANET ń pè ní Junction) tó wà lórí ilẹ̀ 100 mítà, tí prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 3 bar, ń hùwà bíi pé omi kan wà lókè tí ojú rẹ̀ wà ní 130.6 mítà. Ní 4.5 bar, ojú omi yẹn ti gun òkè dé 145.9 mítà. Inú àárín àwọn gíga wọ̀nyí ni a máa gbé táǹkì tí EPANET mọ̀ sí, a ó sì ṣe é tínínrín débi pé omi tó lè wà láti 130.6 dé 145.9 kò ní ju 258 lítà lọ.

Èmi kì í fi ìsàlẹ̀ táǹkì sí 130.6 o. Ibi tí àpò rọ́bà ti ṣófo pátápátá ni mo máa ń fi sí, ìyẹn ibi tí prẹ́ṣọ̀ omi bá ti bá ti afẹ́fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ dọ́gba. 2.8 bar jẹ́ 28.6 mítà, nítorí náà ìsàlẹ̀ táǹkì wà ní 128.6. Mo sì máa ń gbé ẹnu rẹ̀ kọjá ibi tí pọ́ǹpù ti ń dúró, ká ní 4.7 bar. Ìdí ni pé bí táǹkì bá ti gbẹ dé ìsàlẹ̀, EPANET á ti ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Bó bá sì kún dé ẹnu, á ti ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, àyàfi tí ẹ bá gbà á láyè láti ṣàn dànù, èyí tí ẹ̀dà 2.2 ti ọdún 2020 fi kún un. Tí ìsàlẹ̀ àti ẹnu bá bọ́ sí ojú kan náà pẹ̀lú ìgbéra àti ìdúró pọ́ǹpù, ẹ máa rí ìkìlọ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta rárá.

Gíga kọ̀ọ̀kan àti iye omi tó bá a mu ni ẹ máa kọ sínú Volume Curve. Ti àpẹẹrẹ wa nìyí, gíga ní mítà láti ìsàlẹ̀ táǹkì, omi ní mítà kúbíìkì (ọ̀kan jẹ́ 1,000 lítà):

0 mítà: 0
2.0 mítà (3 bar): 0.050
9.7 mítà (3.75 bar): 0.200
17.3 mítà (4.5 bar): 0.308
19.4 mítà (4.7 bar): 0.333

Ẹ wo bí àwọn iye náà ṣe ń lọ. Láti 3 bar dé 3.75 bar, táǹkì gba 150 lítà. Láti 3.75 dé 4.5, ó gba 108 péré. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ sí i ló ń le sí i, tí omi kékeré sì ń gbé prẹ́ṣọ̀ sókè kíákíá. Ẹni tó bá ti di ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ bí èyí ṣe rí lọ́wọ́.

Ṣé kò tó kí n kàn fi táǹkì gbọọrọ lásán ṣe é, láìsí Volume Curve?

Ó tó fún iṣẹ́ púpọ̀. 258 lítà láàárín gíga 15.3 mítà ń fẹ́ táǹkì tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju mílímítà 147 lọ. Iye ìgbà tí pọ́ǹpù ń gbéra kò ní yàtọ̀ púpọ̀. Ohun tó máa yàtọ̀ ni bí prẹ́ṣọ̀ ṣe rí ní agbedeméjì. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòṣe wé ohun tí géèjì kọ sílẹ̀, ẹ lo Volume Curve. Ìlà márùn-ún péré ni, kò gba àkókò.

Bí táǹkì bá pọ̀ lójú kan, ẹ ro omi wọn pọ̀ sí ẹyọ kan, bó bá ṣe pé afẹ́fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn dọ́gba.

Báwo ni mo ṣe máa sọ fún pọ́ǹpù ìgbà tó máa gbéra àti ìgbà tó máa dúró?

Gíga omi inú táǹkì ni kí ẹ fi darí rẹ̀, ẹ má fi prẹ́ṣọ̀ oríta páìpù darí rẹ̀ (PU1 ni orúkọ pọ́ǹpù, T1 ni ti táǹkì):

LINK PU1 OPEN IF NODE T1 BELOW 2.0
LINK PU1 CLOSED IF NODE T1 ABOVE 17.3

Ó máa ń wu ènìyàn láti lo prẹ́ṣọ̀ oríta, nítorí bí pọ́ǹpù ṣe ń ṣe é níta nìyẹn. Ṣùgbọ́n EPANET lè ṣírò ìgbà tí omi táǹkì máa kan gíga kan, á sì gé ìṣirò rẹ̀ síbẹ̀ gan-an. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún prẹ́ṣọ̀ oríta: ìgbà tó bá dé ibi tí ìṣirò ti yẹ kó wáyé ló máa tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣeé ṣe kí prẹ́ṣọ̀ ti kọjá ààlà tipẹ́. Mo ti rí àwòṣe tí pọ́ǹpù ń tàn tó ń kú, tó ń tàn tó ń kú, nínú ìṣirò ẹyọ kan, tí kò sì rí ojútùú, nítorí èyí nìkan.

Kí ló dé tí EPANET fi ń sọ pé prẹ́ṣọ̀ táǹkì mi jẹ́ mítà 10, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 38?

Gíga omi láti ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń kà fún yín, ìsàlẹ̀ náà sì wà lókè lọ́hùn-ún, ní 128.6. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ fi oríta kan sí ẹsẹ̀ táǹkì, kí ẹ fún un ní gíga ilẹ̀ gidi, 100 mítà, kí ẹ sì fi páìpù kúkúrú so ó mọ́ táǹkì. Oríta yẹn ni kí ẹ máa ka prẹ́ṣọ̀ lórí rẹ̀.

Báwo ni kí àkókò àárín ìṣirò kan sí òmíràn ṣe gùn tó?

Wákàtí kan ni EPANET máa ń fi sí Hydraulic Time Step bí ẹ kò bá yí i padà. Wákàtí kan dára fún táǹkì ńlá orí òpó. Fún táǹkì prẹ́ṣọ̀, kò wúlò.

Ká ní pọ́ǹpù wa ń gbé lítà 2 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àwọn ilé sì ń lo lítà 1. Lítà 1 tó ṣẹ́kù ló ń wọ táǹkì, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ló gbà láti kún. Bí pọ́ǹpù bá dúró, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ náà ló gbà láti wálẹ̀ padà dé 3 bar. Inú wákàtí kan ni gbogbo èyí ti máa wáyé bíi ìgbà méje. EPANET á rí àwọn ìgbéra wọ̀nyẹn lóòótọ́, nítorí gíga táǹkì ló ń darí pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣirò kan sí èkejì, ó gbà pé omi tó ń wọ táǹkì kò yí padà, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù tó ń ti omi sí 3 bar ń gbé omi jáde ju èyí tó ń ti omi sí 4.5 bar lọ. Táǹkì inú àwòṣe á wá máa tètè kún ju ti gidi lọ.

Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni mo máa ń lò. Odindi ọjọ́ kan á gba ìṣirò 8,640, èyí tí kọ̀ǹpútà òde òní ń ṣe wẹ́rẹ́ bí ètò náà kò bá tóbi jù. Ẹ rántí Report Time Step pẹ̀lú, ìyẹn àkókò àárín èsì kan tó ń kọ sílẹ̀ sí òmíràn: bó bá ṣì wà ní wákàtí kan, ìgbéra pọ́ǹpù kò ní hàn lórí àwòrán yín rárá, ẹ ó sì rò pé gbogbo nǹkan parọ́rọ́.

Ṣé àwòṣe lè sọ fún mi bóyá táǹkì mi tóbi tó?

Ó lè sọ ọ́, ìṣirò ọwọ́ sì tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìlò omi bá jẹ́ ìdajì ohun tí pọ́ǹpù ń gbé jáde ni pọ́ǹpù ń gbéra jù. Lásìkò yẹn, àkókò láti ìgbéra kan sí èkejì jẹ́ omi tí táǹkì ń gbà lọ́nà mẹ́rin, tí a fi ohun tí pọ́ǹpù ń gbé jáde pín. 258 × 4 ÷ 2 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 516, ìyẹn ìgbéra méje ní wákàtí kan. Ẹ fi èyí wé iye tí ẹni tó ṣe pọ́ǹpù náà sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Ibi tí àwòṣe ti wúlò gan-an ni ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń dín kù, nítorí afẹ́fẹ́ ń jò, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó mọ̀. Bí 2.8 bar bá ti wá dé 1.5 bar, 258 lítà á di 170, ìgbéra á sì lé ní mẹ́wàá ní wákàtí kan. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kankan mọ́ àfi ti ojú ọ̀run, ó ku lítà 69, ìgbéra á sì di bíi 26. Táǹkì kan náà ni, pọ́ǹpù kan náà. Nítorí èyí, mo máa ń ṣe àwòṣe lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún táǹkì tó pé, ọ̀kan fún táǹkì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti jò. Ẹni tó ń tọ́jú pọ́ǹpù yẹ kó rí méjèèjì.

Mo fẹ́ wo omi panápaná. Ṣé kí n fi táǹkì náà sílẹ̀ nínú àwòṣe?

Rárá. Ẹ ti páìpù rẹ̀.

Nínú ìṣirò ojú ẹsẹ̀ kan, tí àkókò kì í lọ, EPANET gbà pé gíga omi táǹkì dúró síbẹ̀, ohunkóhun tí ì báà jáde nínú rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún panápaná, ó máa mú lítà 13 wá láti inú táǹkì láìjanpata, prẹ́ṣọ̀ á sì dára lójú. Ṣùgbọ́n 308 lítà ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, bó bá tiẹ̀ kún dé ibi tí pọ́ǹpù ti ń dúró. Bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógún, ó ti tán. Lẹ́yìn náà, pọ́ǹpù nìkan ló kù, lítà 2 péré ló sì ń gbé jáde.

Ẹ̀rù ìwé ìṣirò tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ń bà mí. Ẹnì kan á fọwọ́ sí i pé omi tó, ilé á kọ́, ènìyàn á wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí iná bá sì sọ ni wọ́n máa tó mọ̀. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn lórí ojú ewé yìí, ẹ rántí láti ti páìpù yẹn.

Ṣé mo lè yọ táǹkì náà kúrò pátápátá?

Bí àwòṣe yín bá jẹ́ ti ìlú ńlá, tó sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá páìpù tóbi tó lọ́dún mẹ́wàá sí i, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi fáàfù tó ń dín prẹ́ṣọ̀ kù sí ibi tí omi ti ń jáde nínú pọ́ǹpù, tàbí kí ẹ fi orísun omi tí gíga rẹ̀ kì í yí padà rọ́pò gbogbo rẹ̀. Gíga wo? Bí ẹ bá ń wá ilé tí omi kò ní dé, ẹ lo ti 3 bar, nítorí ìgbà tó burú jù lẹ ń wò. Bí ẹ bá ń wá ibi tí páìpù ti lè bẹ́, ẹ lo ti 4.5 bar. Ẹ má mú agbedeméjì, kò dáhùn ìbéèrè kankan.

Bí pọ́ǹpù bá jẹ́ èyí tó ń yí eré rẹ̀ padà kí prẹ́ṣọ̀ lè dúró lójú kan, pọ́ǹpù àti fáàfù náà tó.

Ṣé EPANET lè fi hàn mí bí táǹkì ṣe ń gba páìpù lọ́wọ́ ìgbì prẹ́ṣọ̀ nígbà tí iná mànàmáná bá lọ lójijì?

Kò lè ṣe é. EPANET kò ka ìwúwo omi tó ń sáré sí, ìgbì yẹn sì ń rin páìpù irin ní nǹkan bíi 1,000 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ́fítíwíà mìíràn ló ń ṣe èyí, bíi HAMMER, tàbí TSNet tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Níbẹ̀, òfin Boyle lásán kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ kíákíá ń gbóná. Agbára (exponent) tí wọ́n sábà máa ń gbé àyè sí kí wọ́n tó fi prẹ́ṣọ̀ ṣe ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 1.2, ó wà láàárín 1.0 ti afẹ́fẹ́ tí kò gbóná àti 1.4 ti èyí tí ooru rẹ̀ kò ráyè jáde. Fún ìgbéra àti ìdúró pọ́ǹpù tó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan, 1.0 dára.

Kí ni kí n ṣe nípa ọjọ́ orí omi àti kílórìn tó ń pa kòkòrò inú omi?

Táǹkì kékeré kì í mú omi pẹ́. Ẹ kàn rí i dájú pé omi tó ń kù nínú rẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá gbéra wà nínú ìṣirò. Ti àpò rọ́bà wa jẹ́ 50 lítà, ó sì ti wà nínú Volume Curve òkè yẹn. Ti táǹkì tó ń lo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè tó ìdajì táǹkì, ibẹ̀ ló ti yẹ kí ẹ ronú lórí Mixing Model, ìyẹn bí omi tuntun ṣe ń dà pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ nínú táǹkì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwòṣe mi bá ohun tó wà níta mu?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ tú omi táǹkì jáde tán, kí ẹ tó fi géèjì sí ibi tí a ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, prẹ́ṣọ̀ omi lẹ ń kà, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Iye tí wọ́n kọ sára táǹkì kò tó láti gbára lé.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ẹ̀rọ tó ń kọ prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táǹkì, kó máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ sì fi wé ti oríta inú àwòṣe. Bí prẹ́ṣọ̀ gidi bá ń yára gòkè tó sì ń yára wálẹ̀ ju ti àwòṣe lọ, omi tí táǹkì ń gbà kò tó ohun tí ẹ kọ: afẹ́fẹ́ ti jò, tàbí àpò rọ́bà ti ya. Bó bá gòkè bó ṣe yẹ ṣùgbọ́n tó ń yára wálẹ̀ ní òru nígbà tí kò sí ẹni tó ń lo omi, ẹ wo fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà lẹ́nu pọ́ǹpù, kí ẹ sì wá ibi tí páìpù ti ń jò. Bí omi bá ń gba ẹnu pọ́ǹpù padà, àwòṣe kò ní fi hàn yín láéláé, nítorí pọ́ǹpù inú EPANET kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn.